Ta Ni Yóò Kọ́ Onímọ̀ Ẹ̀rọ ní Ìwà?

Ọ̀rọ̀ kan ti di àṣà lẹ́nu àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ yìí, pàápàá àwọn tí ó wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Wọ́n ní iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ni kí ó ṣe ìṣirò, kí ìṣirò náà sì pé. Pé ọ̀rọ̀ ìwà, ti òbí ni, ti àlùfáà ni, bí ó bá sì burú tán, ti ọlọ́pàá ni. Wọ́n ní olùkọ́ yunifásítì tí ó bá fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ni ní ìwà tí ó yẹ kí a máa fi ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ìgbéga mọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ó sì dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, irọ́ tí ó sì ti pa ènìyàn ni.

Kí òǹkàwé má baà rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni èyí, kí ó fi ojú inú wo Fádèyí ní ìdájí, létí ọ̀nà Ìkòròdú, láàárín Jíbówú àti Onípanu. Àwọn bíríkìlà àti alágbàṣe wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wá ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, olúkúlùkù pẹ̀lú àpò tí ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sí. Lẹ́yìn wọn ni Ṣómólú wà, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í sinmi. Bí ènìyàn bá gba inú Bàrígà kọjá, yóò já sí Akọka, sí Yunifásítì Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962. Ní ìhà kejì, ní Yábàá, Yaba College of Technology ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ láti ọdún 1947. Ní Yábàá yìí kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń kóra jọ láti nǹkan bí ọdún 2011. Ó ṣòro láti rí ibòmíràn ní ilẹ̀ Nàìjíríà tí ẹni tí ń ṣe ìṣirò òpó ilé àti ẹni tí ń po sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ti sún mọ́ ara wọn tó báyìí. Ohùn kan ni àwọn méjèèjì fi ń dúnàádúrà owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ọ̀rọ̀ ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ nínú iṣẹ́ tí ó pa wọ́n pọ̀, ta ni ó fi í ṣe iṣẹ́ láti kọ́ wọn ní ohùn kan náà?

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí lóhùn kò ní láti rìn jìnnà sí Akọka. Ère ọkùnrin kan wà ní oríta Onike ní Yábàá, nínú ọgbà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Oṣù kẹwàá ọdún 2009 ni Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ṣí i. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò kọjá lára rẹ̀ lónìí tí kò mọ ẹni tí ó jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí ni.

Ọjọ́ 12, oṣù kẹta, ọdún 1937 ni wọ́n bí Awójọbí ní Òṣòdì. Ọmọ Ìkòròdú ni bàbá rẹ̀, tí ó ṣiṣẹ́ rélùwéè. Modákẹ́kẹ́ ni ìyá rẹ̀ ti wá, òǹtajà ni. CMS Grammar School, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1859, tí ó sì wà ní Bàrígà lónìí, ni ó ti kàwé. Ó gba oyè kìíní nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Zaria ní ọdún 1962, ó sì mókè nínú àwọn tí ó mókè. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Imperial College ní ìlú London ní ọdún 1966, wọ́n sì fún un ní oyè Doctor of Science ní ọdún 1974, oyè tí adúláwọ̀ kankan kò tíì gbà ṣáájú rẹ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó yàn. Ní ọdún náà gan-an ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Akọka.

Ìwádìí tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹni mímọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àgbáyé dá lórí bí ohun líle tí a gbé ka orí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, àti bí ilẹ̀ tí ó gbé e ṣe ń gba ìgbọ̀n náà mọ́ra. Òun àti P. Grootenhuis ni wọ́n jọ tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ Royal Society ní ọdún 1965. Bí a bá sọ ọ́ ní èdè tí ará Fádèyí yóò gbọ́, ìpìlẹ̀ ni ó kọ́ nípa rẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹni tí ń fi ìwé nìkan ṣe iṣẹ́. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972, Nàìjíríà yí ìrìn ọkọ̀ rẹ̀ láti apá òsì títì sí apá ọ̀tún, mọ́tò tí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún sì di ìnira fún ẹni tí ó ni ín. Awójọbí fúnra rẹ̀ ni ó yí ti Opel tirẹ̀ sí ọwọ́ òsì. Ó ṣe ọkọ̀ kan tí ó pè ní Autonov 1, èyí tí ó lè fi jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré síwájú, tí ó sì lè fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà sáré sẹ́yìn.

Ọkùnrin yìí kò dúró sí ìdí ìṣirò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ibi tí owó epo rọ̀bì gbà lọ, ó kọ̀wé lé e lórí, ó sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní gbangba. Nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1979 lórí ohun tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 jẹ́, kò dákẹ́, nítorí ìṣirò ni, ìṣirò sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1984, ní ẹni ọdún 47.

Àwọn kan a máa sọ ìtàn yìí bí ìtàn ẹni tí ó ṣìnà: wọ́n ní bí ó bá ti gbájú mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ni, ibi tí ì bá dé kò ní òǹkà. Òdì kejì ni òtítọ́ wà. Ẹni tí ó fi ọdún púpọ̀ kọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń dáhùn sí ohun tí wọ́n gbé lé e lórí, tí ó wá rí i pé owó tí ó yẹ kí ó ra ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń kó jẹ, kí ni ó kù kí ó ṣe? Kí ó tún ìṣirò náà ṣe kí ó lè bá ìpìlẹ̀ olówó kékeré mu ni? Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn tí ń gbọ́ ọ nìkan ni ó yí padà. Àléébù tí ó wà níbẹ̀, tí ó sì yẹ kí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ gbà, ni pé àwọn olóṣèlú ni ó dojú kọ jù. Ìwà àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fúnra wọn, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí àwòrán ilé tí wọn kò yẹ̀ wò, bí wọ́n ṣe ń yá ni ní èdìdì wọn, kò di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó ní olùkọ́ tirẹ̀, tí ẹlòmíràn ì bá fi jogún rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ó kú, ìṣirò rẹ̀ wà nínú ìwé, òtítọ́ tí ó sọ di ère ní oríta. Ère kì í sì í wọ yàrá ìkàwé.

Ohun tí ó tẹ̀lé e, Èkó rí i.

Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2014, ilé àwọn àlejò ìjọ kan wó ní Ìkọ̀tún. Ènìyàn 116 ni ó kú, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 2019, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Ìta Fááji ní Erékùṣù Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wà ní òkè rẹ̀, ọjọ́ ìwé sì ni. Ènìyàn 20 ni ìjọba ìpínlẹ̀ kà ní òkú. Wọ́n ti sàmì sí ilé náà ṣáájú pé wíwó ni yóò wó. Ẹni tí ó kọ àmì náà mọ̀, onílé mọ̀, àwọn tí kò lè mọ ìtumọ̀ àmì náà ni ó wà nínú kíláàsì.

Ti ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá, ọdún 2021 ni ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ máa fi ṣe ẹ̀kọ́. Ilé alájà mọ́kànlélógún tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà kan jáde sí gbangba. Oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n ti kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń gba àwọn akọ́lé náà nímọ̀ràn ni ó kọ ọ́ pé àwọn yọ ọwọ́ nínú iṣẹ́ náà, nítorí àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé ilé náà yóò dúró. Iṣẹ́ kò dúró. Oṣù ogún kọjá láàárín lẹ́tà àti ìwólulẹ̀.

Kì í ṣe láti bú àwọn tí ó kọ lẹ́tà náà ni a ṣe mẹ́nu bà á. Ohun tí wọ́n ṣe ju ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe lọ, nítorí ẹni tí ó bá yọ ọwọ́ nínú iṣẹ́ ti yọ ọwọ́ nínú owó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nínú lẹ́tà náà kì í ṣe kékeré. Ǹjẹ́ ẹni tí ó yọ ọwọ́ ti bọ́ nínú ẹ̀bi? Ta ni ó yẹ kí onímọ̀ ẹ̀rọ sọ fún bí ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un kò bá gbọ́? Àwọn lébìrà tí ó ń ru kankéré gun òkè lójoojúmọ́ ńkọ́, ṣé ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún wọn, ní èdè wọn, pé ẹni tí ó ṣe ìṣirò ilé yìí ti sá jáde? Bí ó bá sọ fún wọn, ṣé kò ti ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́, bí ó bá ṣe pé òun ni ó ṣìṣe? Àwọn àgbà Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n kò sọ bí àgbà yóò ti ṣe é nígbà tí ìyá ọmọ bá ní kí ó jìnnà sí ọmọ òun. Ibi tí òwe dúró sí ni iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí ó tó báyìí, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan dáhùn. Ó tó ohun tí ènìyàn ń fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n rí ẹni tí ó fi í ṣe é. Roger Boisjoly jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe àgbá tí ń ta ọkọ̀ òfurufú Challenger sókè. Ní oṣù keje ọdún 1985, ó kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé rọ́bà tí ó dí oríkèé àgbá náà lè jò, kí ènìyàn sì kú. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìgbéra, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé òtútù ti pọ̀ jù, kí wọ́n má gbé e. Wọn kò gbọ́. Ní ọjọ́ 28, oṣù kìíní, ọdún 1986, kò ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ tí ọkọ̀ náà fi túká lójú ọ̀run, àwọn méjèèje tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Boisjoly kúrò ní ilé-iṣẹ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí káàkiri àwọn yunifásítì, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ bí a ti í sọ òtítọ́ fún ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Ní ọdún 1988, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà fún un ní ẹ̀bùn nítorí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ níbẹ̀ pé ó ti fi iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní àṣà òyìnbó ni gbogbo èyí. Kí wọ́n gbọ́ ti Kánádà. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹjọ, ọdún 1907, afárá tí wọ́n ń kọ́ sórí odò ní Quebec já, ó sì pa òṣìṣẹ́ 75. Láti ọdún 1925 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ náà ti ń búra bí wọ́n bá ti parí ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n sì ń fi òrùka irin sí ọmọ ìka tí ó kéré jù lọ ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ̀wé, kí irin náà lè máa kan ìwé nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ sí iṣẹ́. Ta ni ó yẹ kí ó kọ́ ta ní èyí? Kí Kánádà tó di orílẹ̀-èdè ni alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi ẹnu kan irin, tí ó ń fi Ògún búra pé iṣẹ́ òun kò ní ẹ̀tàn nínú. Títí di òní, ẹni tí ó bá ní ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ni òun ń ṣe a máa fi irin búra ní kóòtù. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n máa pa ajá ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Ohun tí ìbúra náà wà fún ni ó ṣe pàtàkì: ó ń sọ fún oníṣẹ́ pé ẹnì kan wà, yàtọ̀ sí ẹni tí ó sanwó fún un, tí yóò bi í léèrè. Àwọn ará Kánádà rí ohun tí ó wà nínú irin, wọ́n fi sí ọwọ́ àwọn ọmọ wọn. Àwọn ọmọ Ògún fi tiwọn sílẹ̀ fún ìwé oríkì.

Ní ilẹ̀ yìí ńkọ́? Òfin ọdún 1970 ni ó dá àjọ COREN sílẹ̀ láti máa mójú tó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, àjọ náà sì ní ìwé ìlànà ìwà. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí àjọ NUC gbé jáde fún àwọn yunifásítì ní ọdún 2022, ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n pè ní Engineer in Society. Wákàtí 15 ni wọ́n fún un, ní ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì ya òpó kan ṣoṣo rí. Wákàtí 15 nínú ọdún márùn-ún! Ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Bàrígà ń fi ju bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ bí a ṣe ń kí oníbàárà.

Ṣùgbọ́n bí a bá dá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lẹ́bi tán, àwọn onímọ̀ Yorùbá náà ní ẹ̀jọ́ tiwọn, ó sì yẹ kí wọ́n rò ó. Àwọn ni wọ́n ń pariwo ìwà, ìwà, tí wọ́n ń kọ àpilẹ̀kọ lórí ọmọlúàbí lọ́dọọdún, tí kò sì sí èyí tí ó bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ń kọ́lé. Òwe kan wà tí gbogbo olùdíje ìdánwò mọ̀: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Olùkọ́ yóò kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sójú pátákó pé ohun tí a bá fi ẹ̀tàn kó jọ kì í pẹ́ bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dà á kọ, yóò gba máàkì rẹ̀. Mélòó nínú wọn ni ó ronú rí pé ilé ni òwe náà ń sọ? Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á mọ ohun tí omi ń ṣe sí amọ̀. Ọ̀rọ̀ ìwà iṣẹ́ ni, láti ẹnu ẹni tí ó mọ iṣẹ́, kí àwọn olùkọ́ tó sọ ọ́ di àkàwé.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù ni ti sìmẹ́ǹtì. Ní ọdún 2014, àjọ SON tí ń yẹ ọjà wò pàṣẹ pé sìmẹ́ǹtì tí wọ́n kọ 32.5 sí lára, ìrẹ́lé nìkan ni kí wọ́n máa fi ṣe, pé 42.5 ni kí wọ́n fi da òpó àti dẹ́kìn, kí wọ́n sì fi mọ búlọ́ọ̀kù. Nọ́ḿbà náà ń sọ bí sìmẹ́ǹtì yóò ti lágbára tó bí ó bá pé ọjọ́ 28. Òfin ńlá ni, òfin tí ó lè dá ẹ̀mí sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi jáde. Bíríkìlà tí ó dúró ní Fádèyí, tí ó mọ yanrìn mímú yàtọ̀ sí yanrìn dídán bí ó bá ti fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, tí ó mọ̀ pé báàgì kan sí yanrìn méjì sí òkúta mẹ́rin ni kankéré gidi, ta ni ó sọ ìtumọ̀ 32.5 fún un? Ẹni tí kò mọ̀, a kò lè pè é ní oníwà burúkú. Ẹni tí ó mọ̀ tí kò túmọ̀ ni kí wọ́n bi.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí àwáwí pé èdè Yorùbá kò lè gbé e. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn lẹ́yìn àwọn tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ èdè jókòó, wọ́n ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá, ó sì jáde ní àwọn ọdún 1980 àti 1990. Kí ni wọ́n perí nínú rẹ̀? Gírámà àti lítíréṣọ̀. Wọ́n rí orúkọ fún ohùn àárín àti fáwẹ̀lì àránmúpè, wọn kò wá orúkọ fún agbára tí òpó gbọ́dọ̀ ní lékè ẹrù tí yóò rù. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé wo ni ó wà nílẹ̀ tí olùkọ́ ì bá fi kọ́ ọmọ ní ìdí tí ilé fi ń dúró? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà fagi lé ìlànà náà. Ariwo pọ̀, ó sì tọ́ kí ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta gbáko ni ó wà láàárín, a kò sì lè fi gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ ru ìjọba.

Èsì kan wà tí àwọn tí ó gbọ́n nínú àwọn alátakò a máa fọ̀, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Wọ́n ní kì í ṣe àìmọ̀ ni ó ń wó ilé, ojúkòkòrò ni. Pé ẹni tí ó fi irin oní-10 dípò oní-12 mọ ohun tí ó ń ṣe, kò sì sí ẹ̀kọ́ yunifásítì tí yóò wo ojúkòkòrò sàn. Òtítọ́ púpọ̀ wà nínú rẹ̀. Olè yóò jalè bí ó tilẹ̀ gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ìwà. Ṣùgbọ́n olè kan kò lè dá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ́. Láàárín òun àti ilé tí ó wó, ènìyàn mẹ́wàá wà tí kì í ṣe olè: ayàwòrán tí ó rí i tí ó ní kò kàn òun, akọ̀wé ìjọba tí ó fi fáìlì pamọ́ nítorí ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ tí ó mọ̀ pé irin kò pé ṣùgbọ́n tí ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò lé òun, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó kọ lẹ́tà tí kò mọ ibi tí yóò tún gbé e lọ. Nítorí àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ náà fi yẹ kí ó wà. Àwọn ni wọ́n pọ̀ jù, àwọn ni wọ́n sì lè dá a dúró.

Kò sì mọ sí ilé kíkọ́. Láyé àtijọ́, ẹni tí a jẹ ní gbèsè tí kò rí owó rẹ̀ gbà a máa bẹ ológò níṣẹ́. Ológò a lọ dógò ti onígbèsè: a jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a máa bú u, a máa pariwo, a máa pa adìẹ tí ó bá rí nínú agbo ilé jẹ, títí ojú yóò fi ti gbogbo ẹbí tí wọn yóò dá owó náà jọ. Àṣà náà kú, kò sì sí ẹni tí ó sunkún rẹ̀. Lónìí ológò ti jí dìde, inú fóònù ni ó ń gbé. Ẹni tí ó bá yá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lórí fóònù, ayánilówó a ti kó orúkọ gbogbo ẹni tí onígbèsè mọ̀. Ọjọ́ ìsanwó yẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ èébú a bẹ̀rẹ̀ sí lọ bá àna rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ní ọdún 2022, àjọ FCCPC tí ń gbèjà oníbàárà ya bo ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Èkó; ní ọdún 2023, òfin tí ó dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ẹni di òfin ní Nàìjíríà. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, ọ̀dọ́ kan tí ó mọ̀wé ti jókòó níbìkan, ó kọ ìlà tí ó ní kí fóònù kó orúkọ àwọn ẹbí onílé fún àlejò. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n yìn ín. Olùkọ́ wo ni ó bi í rí pé: ẹni tí ó ni orúkọ wọ̀nyí, ṣé ó yá owó lọ́wọ́ yín?

Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe ní Akọka kò ṣòro láti sọ. Kí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ gba ọ̀mọ̀wé kan, ó kéré tán, tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ èyí nìkan, kí wọ́n sì ka ohun tí ó bá kọ nípa ìwólulẹ̀ Ìta Fááji sí iṣẹ́ ìwádìí nígbà ìgbéga gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ka ìṣirò. Kí òun àti àwọn tí ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì kan náà jọ tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà. Kí àwọn tí ń ṣètò ìbéèrè ìdánwò fi ìwé kan tí ó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ sínú àyọkà àkàyé, dípò ìtàn ìjàpá ní gbogbo ọdún. Ní ti ìwé ìlànà ìwà àjọ COREN àti àlàyé nọ́ḿbà ara àpò sìmẹ́ǹtì, olùkọ́ Yorùbá méjì àti bíríkìlà kan lè túmọ̀ wọn láàárín ìsinmi ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà ní Ṣómólú. Bí wọ́n bá gbé ìwé náà dé ọ̀dọ̀ wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, yóò ti wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn tí ń ta sìmẹ́ǹtì láti Fádèyí títí dé Bàrígà.